Lẹ́tà Ṣíṣí sí Ẹ̀yin Akẹ́kọ̀ọ́ Estate Management ní FUTA Tó Fẹ́ Dá Zillow Sílẹ̀ ní Àkúrẹ́

Ẹ̀yin àbúrò mi,

Ẹ kú iṣẹ́ ìwé, ẹ kú wàhálà iná, ẹ sì kú ìrìn láàárín Obanla àti Obakekere, ọgbà méjèèjì yunifásítì yín. Ejẹ́ǹtì ilé ni mí ní ìlú Àkúrẹ́ yìí, Òkè-Àró ni ṣọ́ọ̀bù mi wà. Kò sí sáà ìwé tuntun tí ọ̀pọ̀ nínú yín kì í wá jókòó sórí bẹ́ǹṣì iwájú ìta mi pé ẹ ń wá yàrá. Láti bí ọdún mélòó kan ni mo ti ń gbọ́ ọ lẹ́nu yín pé ẹ fẹ́ kọ́ áàpù tí yóò lé àwa ejẹ́ǹtì kúrò lójú ọ̀nà, pé ẹ fẹ́ di Zillow ìlú Àkúrẹ́, ìkànnì Amẹ́ríkà tó ń fi iye tí ilé tó han aráyé. Ojú mi náà lẹ ti ń sọ ọ́, ẹ ò tiẹ̀ rẹ ohùn sílẹ̀. Kò bí mi nínú. Ẹni tó ń wá bí yóò ṣe gba iṣẹ́ mọ́ mi lọ́wọ́ ti jẹ́rìí sí i pé iṣẹ́ gidi ni.

Ohun tó mú mi kọ lẹ́tà yìí síta gbangba ni bí ẹ ṣe máa ń ròyìn Rich Barton, ọkùnrin tó dá Zillow sílẹ̀. Owó rẹ̀ lẹ máa ń kà. Ẹ mọ iye bílíọ̀nù dọ́là tí wọ́n fojú bu ilé iṣẹ́ náà sí, ẹ mọ ọdún tó wọ ọjà ìpín ìdókòwò. Iṣẹ́ tó ṣe gan-an, ńṣe lẹ ń fò ó kọjá. Bẹ́ẹ̀ inú iṣẹ́ yẹn ni ohun tó kan Àkúrẹ́ wà.

Ọdún 1967 ni wọ́n bí Barton ní Amẹ́ríkà. Ó kọ́ ìmọ̀ ẹ̀rọ ní Yunifásítì Stanford, ó jáde ní 1989, ó sì wọ ilé iṣẹ́ Microsoft ní 1991. Òṣìṣẹ́ bí òṣìṣẹ́ ni, kò tíì pé ọmọ ọgbọ̀n ọdún. Wọ́n gbé iṣẹ́ kan lé e lọ́wọ́, pé kó wo bí wọ́n ṣe lè kọ ìwé atọ́nà arìnrìn-àjò sórí CD, irú èyí tí wọ́n ń kì bọ kọ̀ǹpútà nígbà náà. Barton wò ó, ó rí i pé kò níbi tó ń lọ. Ó bá Bill Gates sọ ọ́ pé kí wọ́n jẹ́ kí òun ṣe ibi tí ará ìlú yóò ti máa ra tíkẹ́ẹ̀tì bàálù fúnra wọn lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Bí Expedia ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn ní 1996.

Ẹ̀yin tí wọ́n bí sínú ayé fóònù lè má rí ohun ńlá nínú ìyẹn. Nígbà náà, ẹni tó bá fẹ́ wọ bàálù ní Amẹ́ríkà yóò pe ejẹ́ǹtì ìrìn-àjò, tàbí kó lọ jókòó síwájú rẹ̀. Ejẹ́ǹtì ló ni kọ̀ǹpútà tí iye owó gbogbo bàálù wà nínú rẹ̀, ẹ̀yìn kọ̀ǹpútà ọ̀hún ló sì kọ sí oníbàárà. Oníbàárà á máa gbọ́ bí ó ṣe ń tẹ kíbọ́ọ̀dù, á máa wò ó lẹ́nu. Iye tó bá sọ ni iye. Barton yí ojú kọ̀ǹpútà náà padà sí oníbàárà. Nígbà tó di 1999, Expedia ti di ilé iṣẹ́ tó dá dúró, òun ló sì wà nídìí ọkọ̀ rẹ̀ títí di 2003.

Ní 2004, òun àti Lloyd Frink, tí wọ́n ti jọ ṣiṣẹ́ ní Microsoft àti Expedia, tún gbé ìbéèrè mìíràn kalẹ̀ ní ìlú Seattle: ilé yìí, èló ló tó? Ní oṣù Kejì 2006 ni wọ́n ṣí Zillow fún ará ìlú. Èèyàn á tẹ àdírẹ́sì ilé sí i, ẹ̀rọ á sì sọ iye tó fojú bù ú sí, èyí tí wọ́n pè ní Zestimate. Ọjọ́ àkọ́kọ́ ni èrò pọ̀ débi pé ìkànnì náà dákú. Ọ̀pọ̀ wọn ò tiẹ̀ fẹ́ ra ilé kankan. Ilé aládùúgbò ni wọ́n ń yẹ̀ wò, ilé ọ̀gá wọn, ilé àna wọn. Ẹ má rẹ́rìn-ín. Bí irú rẹ̀ bá wọ Àkúrẹ́ lónìí, ilé àwọn olóṣèlú ni a ó kọ́kọ́ tẹ̀.

Ọdún kan lẹ́yìn ìyẹn, ní 2007, ó tún wà lára àwọn tó dá Glassdoor sílẹ̀, níbi tí àwọn òṣìṣẹ́ ti ń kọ iye owó oṣù tí ilé iṣẹ́ wọn ń san. Tíkẹ́ẹ̀tì, ilé, owó oṣù. Ẹ rí i pé iṣẹ́ kan náà ni ọkùnrin yìí ń ṣe láti bí ọgbọ̀n ọdún. Ibi tí àwọn kan bá ti di iye nǹkan mọ́wọ́, ibẹ̀ ló ń wá lọ.

Níbo wá ni Zillow ti rí iye ilé tó lé ní mílíọ̀nù ogójì lọ́jọ́ tó ṣílẹ̀kùn? Èyí ni ìbéèrè tí ẹnikẹ́ni nínú yín kò tíì bi mí rí. Wọn ò lọ kan ilẹ̀kùn ilé onílé. Ìjọba ìbílẹ̀ ti kọ ọ́ sílẹ̀ dè wọ́n tipẹ́. Ní ọ̀pọ̀ ìpínlẹ̀ Amẹ́ríkà, bí ilé bá ti kúrò lọ́wọ́ ẹnì kan bọ́ sọ́wọ́ ẹlòmíràn, ìwé rẹ̀ á wọ ọ́fíìsì ìjọba, ẹnikẹ́ni ló sì lè lọ kà á: ẹni tó tà á, ẹni tó rà á, ọjọ́ tí wọ́n nájà, iye tí wọ́n san. Àwọn tó ń bu owó orí lé ilé náà ní ìwé tiwọn: yàrá mélòó, balùwẹ̀ mélòó, bí ilẹ̀ rẹ̀ ṣe fẹ̀ tó, ọdún tí wọ́n kọ́ ọ. Zillow kó gbogbo ìwé yìí jọ sójú kan, kọ̀ǹpútà sì ń fi ilé tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ tà díwọ̀n èyí tí wọn ò tíì tà. Kódà lọ́dọ̀ tiwọn lọ́hùn-ún, ìpínlẹ̀ bíi Texas wà tí òfin kò fi dandan lé e pé kí wọ́n kéde iye tí ilé kan gbà, ibẹ̀ sì máa ń mú ẹ̀rọ náà lómi.

Àkúrẹ́ wa yìí, Texas ni látòkèdélẹ̀.

Láti oṣù Kẹta 1978 tí Òfin Lílo Ilẹ̀ ti dé, gómìnà ló di ilẹ̀ ìpínlẹ̀ mú fún ará ìlú. Ẹni tó bá fẹ́ ta ilẹ̀ tó ní C of O, ìwé ẹ̀rí ilẹ̀ tí ìjọba ń fúnni, ní láti gba àṣẹ gómìnà kí títà náà tó fìdí múlẹ̀, ìwé rẹ̀ á sì wọ ọ́fíìsì ìjọba. Ẹ̀yin tí ẹ ti kọ́ ọ ní kíláàsì mọ ìyẹn jù mí lọ. Ohun tí tíṣà lè má ráyè sọ ni pé owó tí ìjọba ń gbà lórí irú àṣẹ bẹ́ẹ̀ ń bá iye ọjà lọ, nítorí náà kì í wu ẹni tó rà àti ẹni tó tà láti kọ òótọ́. Ilẹ̀ tí wọ́n san mílíọ̀nù mẹ́fà lé lórí, àwọn méjèèjì lè jókòó ti lọ́yà kí wọ́n kọ méjì. Ìyẹn fún ilẹ̀ tó tiẹ̀ ní ìwé o. Ẹ lọ sí Ìsìkàn, ẹ lọ sí àwọn agbo ilé tó wà lẹ́yìn Ọjà Ọba, ohun tí ẹ ó bá lọ́wọ́ ọ̀pọ̀ onílé kò ju rìsíìtì ẹbí àti ìwé àdéhùn tí àwọn ẹlẹ́rìí fọwọ́ tẹ̀. Ibòmíràn, ọ̀rọ̀ ẹnu ni. Púlọ́ọ̀tì gan-an kò dúró sójú kan: ẹlòmíràn ń pe àádọ́ta ẹsẹ̀ bàtà sí ọgọ́rùn-ún ní púlọ́ọ̀tì, ẹlòmíràn ń pe ọgọ́ta sí ọgọ́fà, àwọn méjèèjì sì ń kọ “púlọ́ọ̀tì kan” sára pátákó.

Owó ilé yíyá ló wá burú jù, torí pé kò sí ìwé ìjọba kankan tó ń gbà á sílẹ̀. Bí áàpù yín bá fẹ́ mọ iye tí wọ́n ń yá yàrá ní àdúgbò Aule, ibo ni yóò ti kó o? Orí Facebook àti WhatsApp tí àwa ejẹ́ǹtì ń gbé ilé sí ni. Ẹ jẹ́ kí n sọ fún yín bí a ṣe ń kọ ọ́, nítorí mo wà níbẹ̀. Iye tí a bá kọ, ẹ̀bẹ̀ ṣì wà nínú rẹ̀, onílé náà sì mọ̀. Ilé tó bá dára, a kì í yọ ọ́ kúrò lẹ́yìn tí èèyàn ti kó wọ ọ́. Ilé tó ti lọ ní oṣù Kìíní ṣì lè máa pe oníbàárà fún wa títí di oṣù Kẹjọ. Ẹ̀yin náà ti pe irú nọ́ńbà bẹ́ẹ̀ rí: wọ́n á ní “háà, ẹni kan ṣẹ̀ṣẹ̀ san án ní àárọ̀ yìí ni o, ṣùgbọ́n òmíràn wà”. Ilé kan náà, ejẹ́ǹtì mẹ́ta á gbé e jáde ní iye mẹ́ta. Bí ẹ bá kó gbogbo irú èyí dà sínú kọ̀ǹpútà, irọ́ wa lẹ kó jọ, ẹ sì ti bá wa fi nọ́ńbà kùn ún lójú.

Kì í ṣe pé ẹnikẹ́ni kò gbìyànjú rí ní Nàìjíríà. ToLet.com.ng wà, Lamudi náà wà, èyí tó padà ń jẹ́ Jumia House. Ní 2017, ToLet ra Jumia House ti Nàìjíríà, wọ́n sì sọ orúkọ àpapọ̀ wọn di PropertyPro. Mo bọ̀wọ̀ fún wọn. Ilé tó pọ̀ jù lórí irú àwọn ìkànnì bẹ́ẹ̀, ti Èkó àti Àbújá ni, nítorí ibẹ̀ lowó wà. Bí wọ́n bá tiẹ̀ gbé ti Àkúrẹ́ sí i, iye tí onílé ń béèrè lẹ máa rí. Iye tí wọ́n gbà níkẹyìn kò sí níbẹ̀. Àárín béèrè àti gbà yìí ni gbogbo ọgbọ́n iṣẹ́ mi wà, ẹ jẹ́ ká má tan ara wa.

Ẹ wo ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gba admission, tó ń wá self-con, yàrá kan tó ní balùwẹ̀ àti kíṣìnnì tirẹ̀, ní ẹ̀yìn South Gate ilé ìwé yín, ní Apatapiti. Wọ́n ní owó ilé jẹ́ ẹgbẹ̀rún lọ́nà ọgọ́rùn-ún mẹ́ta náírà, ká sọ ọ́ bẹ́ẹ̀. Bàbá rẹ̀ ní Ọ̀wọ̀ wá owó yẹn jọ. Ó débí, wọ́n ní ó ku owó ejẹ́ǹsì, ìdá mẹ́wàá. Ó ku owó àgírímẹ́ǹtì, ìdá mẹ́wàá mìíràn. Ó ku owó kọ́ṣọ̀n, tí onílé ní òun yóò dá padà tí kò bá ba nǹkan jẹ́. Ẹgbẹ̀rún lọ́nà ọgọ́rùn-ún mẹ́ta ti ń lọ sí ọgọ́rùn-ún mẹ́rin kó tó ra bẹ́ẹ̀dì. Ẹ̀yin lẹ ń pè é ní total package. Ìyẹn ni iye tó yẹ kó wà lójú áàpù yín láti ìbẹ̀rẹ̀, ní ìlà kọ̀ọ̀kan, kí bàbá tó wà ní Ọ̀wọ̀ rí i kó tó fi owó ránṣẹ́. Bí ẹ kò bá tiẹ̀ ṣe ju èyí lọ, Barton á mọ̀ pé ọmọ iṣẹ́ òun ni yín.

Àti pé èmi ni mo ń sọ ọ́, èmi tí mo ń gba ìdá mẹ́wàá.

Ẹ̀yin tún wà níbi tó dáa ju àwọn ọmọ Computer Science tí ẹ ń bẹ̀ pé kí wọ́n bá yín kọ́ áàpù. Iṣẹ́ tí wọ́n ń kọ́ yín ní kíláàsì nípa bí a ṣe ń díye lé ilé, orí ilé tó jọ ọ́ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ tà tàbí tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ yá ló dúró lé. Láti 1969 ni ẹgbẹ́ àwọn onímọ̀ yín, NIESV, ti wà. Òfin tó sọ ẹni tó lè pe ara rẹ̀ ní Estate Surveyor àti Valuer ní orílẹ̀-èdè yìí ti wà láti 1975. Bẹ́ẹ̀ títí di òní, bí ọ̀kan nínú àwọn ọ̀gá yín bá fẹ́ díye lé ilé kan ní òpópónà Ọba Adésidà, ńṣe ló ń pe àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ lórí fóònù láti mọ iye tí èyí tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ gbà. Àwọn kan nínú wọn máa ń pe èmi. Ọ̀rọ̀ yìí máa ń pa mí lẹ́rìn-ín: èmi tí mi ò kàwé rẹ̀, èmi ni ìwé tí wọ́n ń ṣí.

Nítorí náà, ẹ pa kọ̀ǹpútà tì ná, kí ẹ ra ìwé. Ẹ kọ iye tí èèyàn san, ẹ má kọ iye tí wọ́n béèrè. Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti ẹ̀gbẹ́ ilé ìwé yín, nítorí ẹ̀yin fúnra yín ni ayálégbé ibẹ̀. Akẹ́kọ̀ọ́ kò ní fi rìsíìtì pamọ́ fún akẹ́kọ̀ọ́ ẹgbẹ́ rẹ̀, pàápàá bó bá mọ̀ pé òun náà yóò rí ti ẹlòmíràn. Bí Glassdoor ṣe rí owó oṣù àwọn èèyàn nìyẹn: ẹni tó bá fẹ́ wo ti ẹlòmíràn, kó kọ́kọ́ sọ tirẹ̀. Lẹ́yìn náà, ẹ kọjá sí àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba ní Alágbàká. Wọ́n ní ìdí tuntun tí wọn yóò fi máa tọ́jú rìsíìtì owó ilé báyìí. Òfin owó orí tuntun tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní oṣù Kìíní 2026 gbà kí ẹni tó ń san owó orí yọ ìdá ogún nínú ọgọ́rùn-ún owó ilé rẹ̀ kúrò nínú owó tí wọ́n máa bu owó orí lé, àmọ́ iye tó máa yọ kò gbọdọ̀ ju ẹgbẹ̀rún lọ́nà ọgọ́rùn-ún márùn-ún náírà lọ. Tẹ́lẹ̀, onílé lè ní òun ò kọ rìsíìtì, ayálégbé á sì gbà. Ní báyìí, rìsíìtì ti di owó lápò ayálégbé. Ẹ lo àkókò yìí dáadáa kí àwọn onílé tó wá ọgbọ́n mìíràn dá sí i.

Ẹ má kọ orúkọ ẹnikẹ́ni sí i o. Òfin ààbò dátà ti wà láti 2023, orúkọ ayálégbé àti nọ́ńbà fóònù rẹ̀ kì í ṣe ohun tí ẹ ó máa tẹ́ sórí íntánẹ́ẹ̀tì. Àdúgbò, irú ilé, iye, oṣù tí wọ́n san án. Ó ti tó.

Ẹ fi àwọn nǹkan tí ẹ̀rọ Seattle kò nílò kún un. Omi ni ìlú yìí fi ń yàtọ̀ láti òpópónà kan sí ìkejì. Orí àpáta ni púpọ̀ nínú Àkúrẹ́ wà. Kànga méjì lè wà nínú ọgbà kan, kí ọ̀kan máa mú omi wá títí tí òjò yóò fi dé, kí èkejì gbẹ ní oṣù Kejì nítorí àwọn tó gbẹ́ ẹ kan òkúta wọ́n sì jáwọ́. Iná ńkọ́? Ilé tó wà lórí ìlà Band A, ìlà tí wọ́n ń fún ní iná jù, àti èyí tí òpópónà kan pààlà wọn tí kò sí lórí rẹ̀, owó wọn ò gbọdọ̀ jọra. Mo mọ ilé kan ní Aule tí yàrá méjì rẹ̀ bára wọn mu bíi ìbejì, táìsì kan náà, kíṣìnnì kan náà, wádiróòbù kan náà. Ẹgbẹ̀rún lọ́nà ogójì ni a fi yá èkíní ju èkejì lọ, nítorí pé fèrèsé èkejì kọjú sí ibi tí onílé ń gbé jẹnẹrétọ̀ sí. Bí alẹ́ bá ti lẹ́, èéfín á wọlé, ariwo á wọlé, ẹni tó ń kàwé fún ìdánwò á kó ìwé lọ sí kíláàsì. Kò sí fọ́tò tó lè fi ìyẹn hàn yín. Ẹni tó bá dúró níbẹ̀ ní agogo mẹ́jọ alẹ́ nìkan ló mọ̀ ọ́n.

Mo fẹ́ kí ẹ fara balẹ̀ gbọ́ apá tó kàn, torí pé ibẹ̀ ni ẹ̀rù yín ti ń bà mí.

Ní 2016, Spencer Rascoff ni ọ̀gá pátápátá ní Zillow. Ó ta ilé tirẹ̀ ní Seattle ní mílíọ̀nù kan dọ́là ó lé àádọ́ta ẹgbẹ̀rún. Lọ́jọ́ kejì, Zestimate ilé iṣẹ́ rẹ̀ ṣì ń sọ pé ilé náà tó mílíọ̀nù kan àti ẹgbẹ̀rún lọ́nà ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀rin ó lé àádọ́ta. Ilé ọ̀gá o, nínú ìlú ọ̀gá, ẹ̀rọ ọ̀gá! Èèyàn á rò pé wọn ó kọ́gbọ́n níbẹ̀. Àmọ́ ní 2018, Zillow bẹ̀rẹ̀ sí fi owó ara rẹ̀ ra ilé, kó tún un ṣe, kó tún un tà. Zillow Offers ni wọ́n pe ètò náà. Barton padà sórí àga ọ̀gá ní oṣù Kejì 2019, ó sì fi gbogbo agbára tì í. Ẹni tó ń fi iye ilé hàn aráyé ti di ẹni tó ń ná ọjà náà fúnra rẹ̀.

Oṣù mẹ́ta àárín Keje sí Kẹsàn-án 2021, wọ́n ra ilé 9,680, wọ́n sì rí 3,032 péré tà. Ẹ̀rọ wọn ti sọ pé ọjà yóò máa gbéra, ọjà dúró. Àwọn tí yóò kun ilé, tí yóò tún òrùlé ṣe, kò sì tó. Owó tó lé ní ọgọ́rùn-ún mẹ́ta mílíọ̀nù dọ́là ni wọ́n yọ kúrò lára iye àwọn ilé náà ní oṣù mẹ́ta yẹn nìkan. Ní oṣù Kọkànlá, wọ́n kéde pé àwọn yóò pa ètò náà tì, ìdá kan nínú mẹ́rin òṣìṣẹ́ wọn sì máa lọ sílé. Barton fúnra rẹ̀ ló jáde wá sọ pé iye ilé lọ́jọ́ iwájú ṣòro ó sọ ju bí àwọn ṣe rò lọ. Mo gbóríyìn fún un pé kò fi ẹjọ́ sùn ẹlòmíràn. Àwọn tó pàdánù iṣẹ́ kò lè fi ìyẹn ra oúnjẹ.

Ìdí tí mo fi sọ èyí fún yín ni pé mo ti rí ọ̀nà tí àwọn ẹ̀gbọ́n yín kan gbà. Wọ́n á bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú áàpù, wọ́n á ní àwọn fẹ́ kí ojú aráàlú là sí iye ilé. Bí ọdún kan bá yí po, ẹ ó rí wọn nínú súùtù láàárín igbó ní ọ̀nà Ọ̀bà-Ilé, wọ́n ń ya fídíò, wọ́n ń sọ pé ibi tí ewúro àti kòkó wà yìí máa di ìlú ńlá, kí àwọn tó wà lókè òkun tètè san díẹ̀díẹ̀. Ẹni tó ń ta ilẹ̀ kò lè tún jẹ́ ẹni tó ń sọ iye tí ilẹ̀ tó. Kò sí ọgbọ́n tí yóò fi dá a. Bí Zillow, tí ìwé ìjọba Amẹ́ríkà odindi wà lọ́wọ́ rẹ̀, bá lè ra ilé ní ọ̀wọ́n, kí ni ẹ̀yin fẹ́ fi mọ iye púlọ́ọ̀tì tí ọmọ onílẹ̀ méjì ṣì ń jà lé lórí? Ẹ má gba owó ẹnikẹ́ni pé ẹ ó bá a ra ilẹ̀. Ẹ jẹ́ kí iṣẹ́ yín mọ sórí ṣíṣí ojú kọ̀ǹpútà sí oníbàárà.

Ní ti lílé àwa ejẹ́ǹtì kúrò, ẹ lọ wo ẹni tó ń bọ́ Zillow. Ejẹ́ǹtì ni! Láti ìgbà pípẹ́ ni apá ńlá nínú owó tó ń wọlé fún un ti ń wá láti ọwọ́ àwọn ejẹ́ǹtì tó ń sanwó kí oníbàárà lè kàn sí wọn. Barton kò lé ẹnikẹ́ni, ó gba ohun tí wọ́n fi pamọ́ jáde ni, lẹ́yìn náà ó ní kí wọ́n wá polówó lọ́dọ̀ òun. Bí áàpù yín bá ń mú oníbàárà tó ti mọ iye tó yẹ kó san wá bá mi, èmi á san tèmi lóṣooṣù, n kò ní ráhùn. Ó rọrùn fún mi láti bá ẹni tó mọ̀ sọ̀rọ̀ ju láti gbé ẹni tí kò mọ̀ sórí ọ̀kadà ká gbogbo ìlú kiri. Àmọ́ kí ẹ má ta ipò àkọ́kọ́ fún ẹni tó bá lówó jù. Ọjọ́ tí ẹ bá ṣe bẹ́ẹ̀, orí Facebook la tún padà sí.

Nǹkan kan wà lọ́wọ́ mi tí mo fẹ́ fún yín. Láti ìgbà tí mo ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ni mo ti ń kọ gbogbo ilé tí mo bá yá jáde sínú ìwé: àdúgbò, irú ilé, iye tí onílé kọ́kọ́ pè, iye tó gbà, oṣù àti ọdún, àti bí omi ibẹ̀ ṣe rí. Òkè-Àró, Ijoka, ọ̀nà Ọ̀dà, Aule, Apatapiti, gbogbo rẹ̀ wà níbẹ̀. Ẹ lè wá dà á kọ. Mo ní ohun mẹ́ta tí mo fẹ́ kí ẹ gbà kí ẹ tó fọwọ́ kàn án. Orúkọ onílé kankan kò gbọ́dọ̀ jáde. Ohun tí ẹ bá kọ́ lé e lórí, ayálégbé á máa wò ó lọ́fẹ̀ẹ́. Kí ẹ sì kọ́kọ́ fi ogún rìsíìtì tiyín hàn mí, ti ẹ̀yin àti ti àwọn tí ẹ jọ ń gbé inú ọgbà kan, kí n mọ̀ pé ẹ ti bẹ̀rẹ̀.

Mo ti bá ejẹ́ǹtì méjì mìíràn sọ ọ́, ọ̀kan ní Ìsìkàn, ọ̀kan lẹ́bàá North Gate. Ẹni Ìsìkàn ní òun á mú ìwé tòun wá bí òun bá rí i pé èmi ti mú tèmi. Ẹni North Gate ṣì ń rò ó.

Ọjọ́ Sátidé ló rọrùn fún mi, láti agogo mẹ́wàá. Ẹ má wá ju èèyàn mẹ́rin lọ, ṣọ́ọ̀bù mi kò fẹ̀. Kí ẹ ti cháàjì kọ̀ǹpútà yín kó kún kí ẹ tó kúrò ní họ́sítẹ́ẹ̀lì, torí pé Band A kò dé ọ̀dọ̀ tèmi.

Èmi ni tiyín ní tòótọ́,
Ejẹ́ǹtì ilé kan ní Òkè-Àró, Àkúrẹ́